KÍ A TÓ KỌ́ PẸ̀TẸ́Ẹ̀SÌ LÉ ILÉ ILẸ̀

Àsọyé tí a kà ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Maiduguri

 

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ rán wa láti bá yín sọ, ọ̀rọ̀ ilé ni. Kò sí ẹni tí kò kàn nínú wa. Ẹlòmíràn wà níhìn-ín tí ó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ni ó wá sí ìlú yìí ní àkókò tí ọkọ̀ ojú irin dé ibí ní ọdún 1964. Bàbá náà ra ilẹ̀, ó kọ́ ilé ilẹ̀ sí i, ó bímọ, ó sì kó àyálégbé sí yàrá tí ó kù. Lónìí àwọn ọmọ ti di bàbá ọmọ. Àgbàlá kò gba yàrá mọ́, ilẹ̀ tuntun sì ti wọ́n. Ibi tí ojú wá ń lọ ni òkè. Onílé á gbójú sókè, á wo páànù rẹ̀, á sì wí ní ọkàn ara rẹ̀ pé: “Bí a bá ṣí páànù yìí, tí a da kọnkéré sí i, yàrá mẹ́rin ti jáde.”

Ohun kejì tí ó mú ọ̀rọ̀ òkè wá ni omi. A kò ní gbàgbé ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ìsédò Alau já, tí omi sì gba odò Ngadda wọ inú ìgboro. Omi wọ Gwange, ó wọ Monday Market, ó wọ agbègbè Post Office, ó sì wọ ààfin Shehu pàápàá. Ó ju 400,000 ènìyàn lọ tí omi lé kúrò nínú ilé wọn. Ìsédò kan náà ti já rí ní ọdún 1994. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wí pé ẹni tí ó ní òkè ilé ni ó rí ibi gbé ọmọ sí, òun ni ó sì rí ibi gbé ẹrù sí. Òótọ́ ni. A kò wá bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ṣùgbọ́n omi tí ó mú kí a máa wá òkè, òun náà ni ó wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ ilé wa. Nítorí náà ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé búlọ́ọ̀kù kan lé orí ilé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, títí yóò fi gbẹ́ ilẹ̀ wo ohun tí ilé náà dúró lé, tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò sì fi ọwọ́ sí ìwé pé ó lè gbé e. Àwọn àgbà wa ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé tí a kọ́ fún ẹrù kan kò ṣe ohun burúkú kankan. Bí a bá di ẹrù méjì rù ú láì wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àwa ni a ṣẹ̀ ẹ́.

Ìran wa kì í ṣe àjèjì sí ilé òkè. Ní Badagry, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣì dúró títí di òní. Ọdún 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún 1845 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé òkè ni wọ́n fi lélẹ̀, ilé òkè ni wọ́n sì kọ́ lé e. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ti ọ̀pọ̀ ilé tí a ń gbé níhìn-ín. Páànù ni ẹni tí ó kọ́ wọn ní lọ́kàn, páànù náà ni ó sì wá ìpìlẹ̀ fún.

Ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ dẹ́rù bà yín lásán. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkòtún ní Èkó, ènìyàn 116 sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ NEMA, tí ń gba ènìyàn là nínú ìjàǹbá, sọ pé ńṣe ni wọ́n ń fi àjà kún ilé náà. Nígbà tí kòrónà parí ìwádìí ní oṣù Keje ọdún 2015, ó ní ilé náà fúnra rẹ̀ ni kò lágbára tó. Ní Savar ní ilẹ̀ Bangladesh, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó, ó sì pa ènìyàn 1,134. Wọ́n ti kọ́ àwọn àjà òkè rẹ̀ láì gba àṣẹ. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ògiri ti sán, gbogbo ènìyàn sì rí i. Síbẹ̀ wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ padà wọlé ní ọjọ́ kejì. Ní Jos, ní ìhà Àríwá wa níhìn-ín, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ alájà kan wó lé àwọn ọmọ lórí, ènìyàn 22 sì bá a lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau sọ pé ilé náà kò lágbára, àti pé etí odò ni ó wà. Ẹ̀yin tí ilé yín wà létí Ngadda, ẹ gbọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ẹrù náà bí oníṣòwò ti ń ṣírò ọjà. Ẹ mú yàrá kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn àti ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú. Bí a bá da kọnkéré tí ó nípọn ní ínṣì 6 lé e lórí, kọnkéré náà nìkan yóò wúwo tó nǹkan bí kílò 4,900. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ńtì kan. Èyí ni pé ó dàbí ẹni pé a to àpò sìmẹ́ńtì tí ó súnmọ́ 100 sí orí yàrá kan ṣoṣo, tí a kò sì ní gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé. Páànù àti igi tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. A kò tíì kọ́ ògiri o. Ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 tí a rẹ́ tinú tòde, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, yóò wúwo ju tọ́ọ̀nù 3 lọ. Ẹ wá fi ibùsùn kún un, ẹ fi àpótí kún un, ẹ fi ọjà tí ìyá ilé yóò kó pamọ́ síbẹ̀ kún un. Àgbá omi kan tí ó kún jẹ́ nǹkan bí kílò 200. Ẹ fi ènìyàn kún un ní ọjọ́ ìkómọ, nígbà tí gbogbo ẹbí bá dúró sí ojú kan. Gbogbo rẹ̀ pátá, orí ìpìlẹ̀ ni ó ń lọ, ìpìlẹ̀ a sì tì í fún ilẹ̀.

Ilẹ̀ wo wá ni? Ilẹ̀ Yerwa, bí àwọn Kánúrí ti ń pe ìlú yìí, kì í ṣe irú kan. Ìlú náà jókòó lórí òkè iyanrìn gígùn kan tí ó gba Bama kọjá. Àwọn onímọ̀ sọ pé etí Adágún Chad àtijọ́ ni, ní ayé ìgbà tí adágún náà tóbi ju ti ìsinsìnyí lọ fíìfíì. Nítorí náà ibìkan jẹ́ iyanrìn, ibòmíràn jẹ́ amọ̀, ibòmíràn sì ni amọ̀ tí iyanrìn bò lójú. Bí a bá ń lọ sí ìhà Dikwa àti Ngala, ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki ni ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á le koko, á sì là débi pé ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí òjò bá dé, á mu omi, á wú, á sì rọ̀ bí àmàlà. Ilé tí ó bá wà lórí rẹ̀ á máa gòkè, á sì máa sọ̀kalẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí dígà kò wọlẹ̀, tí ó wá ń yọ̀ pé ilẹ̀ òun le, kò tíì rí nǹkan kan. Ilẹ̀ tí yóò gbé ilé, ìgbà tí ó bá mu omi ni a ń mọ ìwà rẹ̀. Ẹ sì má ṣe sọ pé aládùúgbò kọ́ tirẹ̀ kò wó. Ilé méjì tí ó kọjú sí ara wọn lè má dúró lórí ilẹ̀ kan náà.

Nísinsìnyí, kí ni kí onílé ṣe? Ọ̀nà mẹ́rin ni a tò lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní, kí a bi àwọn àgbà léèrè ìtàn ilé. Ta ni ó kọ́ ọ? Ọdún wo ni? Ṣé pílánù rẹ̀ ṣì wà? Kí ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní ìlú yìí ni ó jẹ́ amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ẹni tí ó ń kọjá lọ yóò rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Kí a ha ojú ibi kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ògiri, kí a wo inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ amọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. A kò gbọdọ̀ da kọnkéré lé ògiri amọ̀ tí a mọ fún páànù. Bí ó bá sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù, kí a fi ìṣó ha á. Búlọ́ọ̀kù tí ó bá ń dà bí gàrí, sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tó láti ìgbà tí wọ́n ti fọ́n ọn.

Èkejì, kí a ka ara ògiri. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ìlà ara ògiri ni ó ń bani lẹ́rù. Ìlà tín-tìn-tín tí kò ju ti irun orí lọ, ara sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ilé nìkan ni ó lè wà. Èyí tí a ń bẹ̀rù ni èyí tí ó dábùú láti igun fèrèsé tàbí igun ilẹ̀kùn, tí ó fẹ̀ ní òpin kan ju èkejì lọ, tí ó sì yọ sí inú àti sí òde. Bí ilẹ̀kùn tí ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ bá ń há, tàbí bí ilẹ̀ yàrá bá rì ní igun kan, kí a má ṣe fi kíkùn bò ó. Kí a fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí òpin ìlà náà, kí a kọ ọjọ́ sí i, kí a sì rẹ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ dábùú rẹ̀. Bí àkókò òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan bá kọjá tí sìmẹ́ńtì náà kò sán, ó ṣeé ṣe kí ilé ti jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá sán, ilé ṣì ń rìn. A kì í di ẹrù lé ẹni tí ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a gbẹ́ ilẹ̀. Kí ó jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí a gbẹ́ ihò kan ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tí yóò gbé ẹrù, kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú lóòró, kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè bẹ̀rẹ̀. Kí a gbẹ́ òmíràn ní igun ilé, àti òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àárín, nítorí pé ògiri àárín a máa gba ẹrù yàrá ọ̀tún àti ti òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a gbẹ́ wọn. Kí a dí èkíní kí a tó ṣí èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe la kòtò gígùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí a má sì ṣe gbẹ́ kọjá ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìyẹn nìkan tó láti wó ilé. Bí a bá fẹ́ dí ihò, kí a máa da erùpẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa gún un mọ́lẹ̀.

Nínú ihò náà, kí a fi téèpù wọn nǹkan mẹ́ta, kí a sì kọ wọ́n sílẹ̀: bí ìpìlẹ̀ ti jìn tó, bí kọnkéré ìsàlẹ̀ ti fẹ̀ tó, àti bí ó ti nípọn tó. Fún ilé ilẹ̀ tí a fi búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 kọ́, ohun tí àwọn bíríkìlà wa sábà máa ń dà ni kọnkéré tí ó fẹ̀ ní ínṣì 27, tí ó sì nípọn ní ínṣì 9, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sísàlẹ̀. Ilé ilẹ̀ ni ìwọ̀n yìí wà fún; bóyá ó lè gbé òkè, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ. Bí ó bá wá jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù ni a tò sórí erùpẹ̀ lásán, tàbí kọnkéré tí kò fẹ̀ ju ògiri lọ, kí a má tan ara wa jẹ. Kí a sì wo abẹ́ kọnkéré náà dáadáa. Níbi tí omi ọdún 2024 ti dúró pẹ́ tàbí tí ó ti ṣàn kíkan, ó lè ti fọ iyanrìn kúrò lábẹ́ ìpìlẹ̀, kí ihò ṣófo síbẹ̀. Ògiri lè má tíì sọ fún wa.

Ẹ̀kẹrin, kí a pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun mẹ́ta tí a ti ṣe yìí, onílé lè fi ojú rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n ojú kò lè sọ iye tọ́ọ̀nù tí ilẹ̀ lè gbé. Ẹnjiníà ilé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé COREN ni yóò bu ilẹ̀ náà, tí yóò gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tí yóò sì ṣírò ẹrù òkè mọ́ agbára ìsàlẹ̀. Ìlú wa kò ṣàìní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Yunifásítì wà níbí, Ramat Polytechnic náà sì wà. Lẹ́yìn èyí ni ìwé yóò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ètò ìlú fún àṣẹ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé bíríkìlà òun ti kọ́ ilé fún ogún ọdún, ó sì ti fi ẹsẹ̀ gbá ògiri, ó ní yóò gbé e. A bọ̀wọ̀ fún bíríkìlà. Ọmọ wa ni, àbúrò wa ni, láìsí i a kò lè kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ẹni tí yóò gba owó iṣẹ́ bí ilé bá lè gbé òkè, tí kò sì ní gba kọ́bọ̀ bí kò bá lè gbé e, ṣé òun ni ó yẹ kí a fi ṣe adájọ́? Bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó, a ti gbé e sí ipò tí kò dára. Kí ẹni tí yóò yẹ ilé wò má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Bí ẹnjiníà bá wá wí pé ìpìlẹ̀ kò lè gbé e ńkọ́? Ayé kò tíì parí. Ó lè ní kí a fi kún ẹsẹ̀ ilé: wọn yóò gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta mẹ́ta, níbi tí kò fara kan ara wọn, wọn yóò máa da kọnkéré tuntun sí i. Iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń dán wò. Ó lè ní kí a ri òpó onírin tuntun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kí òkè dúró lórí òpó, kí ògiri àtijọ́ má sì gbé nǹkan kan. Ó lè ní yóò dára jù kí a wó ilé náà, kí a tún un kọ́. Ó sì lè ní kí a jẹ́ kí ó máa jẹ́ ilé ilẹ̀. Ilé ilẹ̀ tí ó dúró sàn ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó sin ènìyàn lọ. Ẹni tí ó jẹ́ pé omi ni ó ń bà á lẹ́rù lè gbé ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ga sí i, kí ó sì la ọ̀nà àgbàrá yí ilé ká. Ìyẹn náà ti dín ewu kù.

A mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ẹlòmíràn. Owó ni. Wọ́n ní owó ẹnjiníà àti owó àyẹ̀wò ilẹ̀, yàrá mélòó ni yóò kọ́? A dá wọn lóhùn pé owó yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó irin àti sìmẹ́ńtì tí wọn yóò dà sí òkè. Bí àyẹ̀wò bá sì ní kí a má kọ́ ọ, gbogbo owó òkè ni ó gbà là. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe ẹrù ẹni tí ó ni ilé nìkan ni ó wà lábẹ́ òkè náà. Àyálégbé wà níbẹ̀, tí ó san owó ilé rẹ̀, tí kò mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọmọ Kánúrí wà nínú wọn, ọmọ Háúsá wà, ọmọ Ìgbò wà. Ògiri aládùúgbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Àlejò ni bàbá wa nígbà tí ó dé ìlú yìí, wọ́n gbà á, wọ́n sì fún un nílẹ̀. Kò yẹ kí a fi ilé san án fún wọn ní búburú.

Nítorí náà ìgbìmọ̀ mú àbá mẹ́ta wá síwájú ilé, a sì fẹ́ kí ẹ jíròrò wọn kí a tó túká. Àkọ́kọ́: kí ẹgbẹ́ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó nínú àpótí aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti kọ́ òkè lé ilé ilẹ̀, àyàfi bí ó bá mú ìwé ẹnjiníà àti ìwé àṣẹ ìjọba wá. Èkejì: kí àpótí náà lè yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó àyẹ̀wò yìí nìkan, kí ó sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀, kí àìlówó má baà di àwáwí. Ẹ̀kẹta: kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí iṣẹ́ òkè bá ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé rẹ̀ kó àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ kúrò títí kọnkéré yóò fi gan, tí ẹnjiníà yóò sì ní kí wọ́n padà. Ẹgbẹ́ yóò bá wọn wá ibi tí wọn yóò sùn.

Ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ó ti ra irin, tí ó ti ṣí páànù, kí ó má ṣe bínú sí wa. Kí ó dúró ná. Irin kò ní bàjẹ́ nítorí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó pe alákòóso ẹgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lónìí, a ó sì bá a gbẹ́ ihò àkọ́kọ́.

Kí ilé wa ó tòrò, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ó dúró, kí àwọn ọmọ wa ó gbé inú rẹ̀ pẹ́.